Eérú Iwájú Orí Ìyá Àgùdà

Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹta ọdún 2025, ààwẹ̀ Ràmàdáànì ti di ọjọ́ márùn-ún. Oòrùn Ọ̀rányàn ń ta bí ata, ọ̀fun gbẹ, oníkálukú ń ṣọ́ ẹnu ara rẹ̀ nítorí ìjà. Ìyá tó ń ta ẹ̀kọ níwájú agboolé wa sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ọ̀kadà. Òkè Páádì ló ti ń bọ̀. Nǹkan dúdú kan wà níwájú orí rẹ̀ tó fẹ̀ tó ìka méjì. Ìyá Àgùdà la ń pè é. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, mi ò gbọ́ orúkọ mìíràn fún un lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Ọmọ fọkanáísà tó wà lójú títì ló kọ́kọ́ rí i.

"Ìyá Àgùdà, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣé ìdí ìkòkò lẹ forí gbá ni?"

"Ìdí ìkòkò kọ́ o, ọmọ mi. Fádà ló fi eérú sí i. Wọ́n ní ká má gbàgbé pé erùpẹ̀ ni wá."

"Ẹni tó ń gbààwẹ̀ nínú oòrùn yìí ò lè gbàgbé, màmá."

A rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan tó háyà yàrá nílé kejì, tó ń lọ sí ìjọ àwọn àtúnbí, kò bá wa rẹ́rìn-ín. Ó ní abọ̀rìṣà tó wọ aṣọ Jésù ni àwọn Àgùdà, ó ní kí wọ́n fi ibi tí Bíbélì ti ní kí èèyàn máa fi eérú para han òun. (Eérú pọ̀ nínú Bíbélì: Jóòbù jókòó sínú rẹ̀, ọba Nínéfè náà jókòó sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló máa sọ ìyẹn lọ́sàn-án gangan?) Ìyá Àgùdà sọ agbọ̀n ẹ̀kọ rẹ̀, kò fèsì.

Èmi kì í ṣe Àgùdà. Ilé mùsùlùmí ni wọ́n ti bí mi, mo sì ti bá wọn fi Àgùdà ṣe yẹ̀yẹ́ rí. Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn wọ̀ mí lára ni pé ọmọ Ìbàdàn ni mí, mo mọ bó ṣe máa ń dun ni kí àlejò dúró lójú títì máa bú ohun tí kò mọ ìdí rẹ̀. Ẹ mú àlejò wá sí Bẹẹrẹ lọ́jọ́ Òkèbádàn. Á rí àgbàlagbà tó gbé igi tí wọ́n gbẹ́ bí nǹkan ọkùnrin dání, á gbọ́ èébú tí kò sẹ́ni tó jẹ́ sọ níwájú ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Á gbọ́ pé obìnrin kò gbọdọ̀ fojú kan eégún Olóòlù. Bó bá padà délé, á ní ìlú àwọn aláìlẹ́kọ̀ọ́ lòun ti ń bọ̀. Kò mọ̀ pé orí òkè ni àwọn baba wa sá sí nígbà tí ogun tú ilé wọn ká, pé èso òro àti ìgbín ni wọ́n jẹ níbẹ̀, pé nítorí wọn la kì í fi í dáná lọ́jọ́ náà. Ẹ̀kọ tútù là ń jẹ. Ọjọ́ yẹn gan-an lọjà Ìyá Àgùdà máa ń tà jù lọ́dún.

Àlàyé yìí kò sọ èébú Òkèbádàn di àdúrà o. Èébú ni, èébú ló máa jẹ́. Ó kàn jẹ́ pé ẹni tó bá mọ ìdí rẹ̀ á mọ èyí tó yẹ kó bú àti èyí tó yẹ kó fi sílẹ̀.

Mo ti rò ó tẹ́lẹ̀ pé àjèjì tí ẹ̀sìn Àgùdà jẹ́ ló ń mú kí wọ́n máa bú u: Póòpù tó wà ní Róòmù, Fádà òyìnbó, èdè Látìn. Mi ò rò bẹ́ẹ̀ mọ́. Lójú tèmi, ó jọ ilé jù ni. Ẹ wò ó: ère, tùràrí, agogo kékeré, omi mímọ́, ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n ń kà lọ́kọ̀ọ̀kan. Eérú iwájú orí yẹn pàápàá, imọ̀ ọ̀pẹ ni. Èyí tí wọ́n gbé lọ́jọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ lọ́dún tó kọjá ni wọ́n máa ń sun. Ta ni kò mọ màrìwò ní Ìbàdàn? Lójúbọ Ògún la ti mọ̀ ọ́n. Orúkọ tí wọ́n ń pe ìsìn wọn tó ga jù ńkọ́? Ẹbọ Mísà. Ọmọ tí wọ́n ti ń kọ́ láti kékeré pé ẹbọ ti dópin, tí bàbá rẹ̀ àgbà sì kó ère Ọ̀ṣun dà sódò kó lè ṣèrìbọmi, bó bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà, ara rẹ̀ á bù máṣọ. Á ní, "Mo mọ ilé yìí. A ti kó kúrò níbí."

Ọ̀rọ̀ ère ló le jù. Àgùdà á sọ fún ọ pé àwọn ò bọ ère, pé ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Nísíà ní ọdún 787 ti là á sílẹ̀ pé ọ̀tọ̀ ni ọlá tí èèyàn ń fún àwòrán, ọ̀tọ̀ ni ìjọsìn tó jẹ́ ti Ọlọ́run nìkan. Ó yé mi. Kò sí pálọ̀ kan ní agboolé wa tí fọ́tò bàbá tó ti kú kì í sí lára ògiri, a sì máa ń bá a sọ̀rọ̀ nígbà mìíràn: "Bàbá, ẹ wo ohun tí àbúrò yín ṣe." Kò sẹ́ni tó ní à ń bọ fọ́tò. Ṣùgbọ́n a kì í kúnlẹ̀ fún un, a kì í tan àbẹ́là síwájú rẹ̀. Ibẹ̀ ni mùsùlùmí ti máa mú Àgùdà, mi ò sì rò pé ìwà òmùgọ̀ ni.

Àwọn Àgùdà fúnra wọn ti jà sí i rí. Ní 1947, àwọn Fádà ẹgbẹ́ míṣọ́nárì S.M.A. dá ilé iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Fádà Kevin Carroll ló ń bójú tó o. Ó kó àwọn agbẹ́gilére ilẹ̀ Yorùbá jọ, ó ní kí wọ́n fi ọwọ́ tí wọ́n fi ń gbẹ́ ère eégún Epa àti òpó ààfin gbẹ́ ìtàn Jésù. George Bándélé wà níbẹ̀, ọmọ Àrẹ̀ògún, agbẹ́gilére ará Òsì. Làmídì Fákẹ́yẹ láti Ìlá Ọ̀ràngún wà níbẹ̀, mùsùlùmí ni. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ ìbí Jésù, àwọn ọba mẹ́ta láti ìlà-oòrùn wá di ọba Yorùbá, adé lórí. Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì wá jọ ilẹ̀kùn ààfin. Inú àwọn ọmọ ìjọ kan kò dùn sí i rárá: irú nǹkan wọ̀nyí ni wọ́n ní kí àwọn jó níná kí àwọn tó ṣèrìbọmi, Fádà tún wá ń kó o padà wọlé. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá kọ ìyàwó, tí àbúrò rẹ̀ wá mú obìnrin náà wálé bí àlejò. Mùsùlùmí tó gbẹ́ ère náà ńkọ́? Ó ṣiṣẹ́, ó gbowó, ó kírun. Làmídì gbẹ́ fún ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn náà, ó gbẹ́ Odùduwà tó wà ní yunifásítì Ifẹ̀ ní 1987, ó sì kú ní 2009 gẹ́gẹ́ bí mùsùlùmí.

Nǹkan mìíràn wà tó yẹ ká rántí, inú ìtàn ìlú wa ló wà. Míṣọ́nárì Hinderer àti ìyàwó rẹ̀ Anna tẹ̀dó sí Kúdẹtì ní 1853, ibẹ̀ ò jìnnà sí Ọ̀rányàn. Àwọn ọmọ ìjọ wọn là ń pè ní Onígbàgbọ́. Ó di 1895 kí àwọn Fádà tó dé Ìbàdàn, tí òkè tí wọ́n tẹ̀dó sí fi di Òkè Páádì. Ẹ ṣírò rẹ̀, ọdún méjìlélógójì. Láàárín ìgbà yẹn, Bíbélì ti jáde lódindi lédè Yorùbá, ní 1884. Onígbàgbọ́ ti ní ìwé lọ́wọ́, ó ti kọ́ láti máa béèrè pé, "Ibo ló wà?" Àgùdà wá dé, èdè Látìn ni wọ́n fi ń ṣe Mísà, Fádà kọ ẹ̀yìn sí ìjọ, ohùn rẹ̀ ò jáde. Títí di ẹ̀yìn ìpàdé Fàtíkàn Kejì tó parí ní 1965 ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Àwa tí a mọ Orò mọ ohun tí ìyẹn máa ń fà. Ohun tí wọ́n bá ń ṣe níkọ̀kọ̀, tí à ń gbọ́ ìró rẹ̀ láìrí i, àwa la máa fi ẹnu ara wa parí ìtàn rẹ̀, a kì í sì í parí rẹ̀ sí rere.

Ọ̀rọ̀ òṣèlú náà wà níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ló ń ṣèjọba nígbà náà, àwọn ọmọ ìjọ Kúdẹtì sì sún mọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀nà mìíràn ni Àgùdà gbà wọlé. Ní Èkó, kí Fádà kankan tó dé, ọkùnrin kan tó ti jẹ́ ẹrú rí, tí wọ́n ń pè ní Páádì Àńtóníò, ló ń kó àwọn tó ti Bùràsíìlì bọ̀ jọ láti gbàdúrà. Kì í ṣe Fádà. Fádà Borghero bá wọn níbẹ̀ ní 1863. Orúkọ àwọn tó padà wálé yìí gan-an ni Àgùdà, kó tó di orúkọ ẹ̀sìn. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ pé Àgùdà kò jẹ lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá ń pè wọ́n ní ẹ̀sìn òyìnbó kò mọ̀ pé ọmọ Yorùbá tó gba òmìnira ló gbé e wálé, orí omi ló gbé e gbà.

Ti Màríà tí wọ́n ń gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ gbàdúrà, àwọn Àgùdà ní ohun tí à ń ṣe nílé làwọn ń ṣe: ta ló ń lọ bá Olúbàdàn tààrà láìgba ọ̀dọ̀ Mógàjí rẹ̀? Ó dùn létí, ṣùgbọ́n kò tó mi. Onígbàgbọ́ á ní Jésù ti ṣílẹ̀kùn ààfin, kí ni mo tún ń wá lọ́dọ̀ Mógàjí? Ìdáhùn gidi nìyẹn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé tẹ̀sùbáà mi ní ìlẹ̀kẹ̀ 99, rósárì Ìyá Àgùdà ní 59, bí ìka rẹ̀ ṣe ń rìn lórí tirẹ̀ nígbà tí ọjà bá dá náà ni tèmi ń rìn.

Ìyá àgbà mi, Àlàájà, kò bìkítà fún Màríà, kò bìkítà fún ère. Ohun tó yà á lẹ́nu títí ó fi kú ni Fádà tí kò níyàwó. Ó ní, "Ọkùnrin tó gún régé, tó kàwé, tára rẹ̀ dá! Ta ló máa sin ín? Tí wọ́n tún wá ń pè é ní bàbá?" Mo gbìyànjú láti sọ fún un pé òfin ni, pé ìpàdé kan tí wọ́n ṣe ní Látéránì ní 1139 ló ti ìlẹ̀kùn náà pa, pé àwọn Àgùdà kan tiẹ̀ wà ní ìlà-oòrùn ayé tí Fádà wọn ń láya. Ó wò mí. Ó ní kí Fádà Òkè Páádì lọ bá wọn níbẹ̀. Mi ò tíì rí èsì tó dáa ju ìyẹn lọ.

Ohun tó ń bí mi nínú sí àwa tí à ń bú wọn ni pé ohun tó fẹ́ẹ́rẹ́ là ń gbé lé orí. Ọ̀rọ̀ tó wúwo wà nílẹ̀. Póòpù Nicholas Karùn-ún fún ọba Pọ́túgà níwèé àṣẹ ní 1452 àti 1455 pé kó máa kó àwọn tí kì í ṣe Kìrìsìtẹ́nì lẹ́rú. Àwọn èèyàn wa wà lára àwọn tó ṣubú sínú ọ̀rọ̀ yẹn. Póòpù John Paul Kejì, tó wá sí Ìbàdàn ní 1982, dúró ní erékùṣù Gorée ní Sẹ̀nẹ̀gàl ní 1992, ó tọrọ àforíjì. Ní 2002, ìwé ìròyìn Boston Globe tú àṣírí àwọn Fádà tó ń ba ọmọdé jẹ́ àti àwọn ọ̀gá wọn tó ń gbé wọn láti ìjọ kan lọ sí òmíràn dípò kí wọ́n fà wọ́n lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Nílé níbí, ọkọ àbúrò ìyá mi kú, Àgùdà ni. Wọ́n yẹ káàdì ìjọ rẹ̀ wò, wọ́n ní ó jẹ owó ọdún mẹ́ta. Òkú wà nílẹ̀, àwa tí kì í ṣe Àgùdà la dá owó náà kí wọ́n tó wá sin ín. Mi ò ní dárúkọ ìjọ yẹn. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọdún tí mo fi ń gbọ́ èébú Àgùdà ní Ọ̀rányàn, kò sẹ́ni tó bú wọn nítorí káàdì. Ère ni wọ́n ń bú.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí ohun tí wọ́n ń ṣe, kó lọ sí Mísà Yorùbá kan. Kó jókòó sẹ́yìn. Bí wọ́n bá ń lọ gba Kòmúníọ̀nù, kó dúró sí àyè rẹ̀. Àwọn ọmọ ìjọ nìkan ló wà fún. Kò sẹ́ni tó máa bi í léèrè ìdí tó fi jókòó.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ eérú yẹn, nígbà tí wọ́n pe ìrun Mọ̀gàríbì, gbogbo wa ya bo agbọ̀n ẹ̀kọ. Òógùn ti fọ eérú náà lọ, ó ku bí òjìji lásán. Ìyá Àgùdà fúnra rẹ̀ ò tíì jẹun. Òfin ìjọ wọn kò fi ààwẹ̀ ọjọ́ náà de ẹni tó bá ti kọjá ọdún 59, òun sì ti kọjá rẹ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n ó ní òun ò lè máa ṣírò ọjọ́ orí lọ́jọ́ eérú. Obìnrin àtúnbí náà wá ra ẹ̀kọ mẹ́fà. Ìyá Àgùdà ka mẹ́fà fún un, ó fi ọ̀kan ṣe ènì.