Ewébẹ̀ inú ọtí kíkan: ṣé oúnjẹ ajá ni?

Bí àsè bá parí nínú ilé, yálà ní Àjàṣẹ́, ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ̀, ajá kì í jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń kó àwo. Ìrẹsì ìsàlẹ̀ ìkòkò, awọ ẹja, ìyókù moyo àti sàláàdì, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń dà síwájú rẹ̀. Ní àwọn ilé mìíràn, kùkúńbà kéékèèké inú ìgò, tí wọ́n fi iyọ̀ àti ọtí kíkan pa mọ́, tí àwọn elédè Faransé ń pè ní cornichon, wà lára àjẹkù náà. Ajá á jẹ ẹ́, á sì máa ju ìrù. Ǹjẹ́ irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ dára fún un bí?

Kùkúńbà àti kárọ́ọ̀tì fúnra wọn kò ní ibi nínú, bí wọ́n bá wà ní tútù, tí a kò sì fi nǹkan kan sí wọn. Ohun tí ó bá wọn gbé inú ìgò tàbí inú àwo ni kí a bẹ̀rù: iyọ̀, ata, ààyù àti àlùbọ́sà.

Ègé kùkúńbà oníyọ̀ kan kì í sábà pa ajá ńlá tí ó bá rí omi mu. Ṣùgbọ́n bí ó bá lá omi inú ìgò náà tán, òùngbẹ á gbẹ ẹ́, á bì, ara rẹ̀ sì lè máa gbọ̀n. Bí iyọ̀ náà bá pọ̀ jù, gìrì lè mú un, ó sì lè kú. Ọtí kíkan pẹ̀lú ata a máa da inú rẹ̀ rú.

Àlùbọ́sà ni ó burú jù, nítorí pé kì í yára fi ara hàn. Ó ń ba àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́, títí ẹ̀jẹ̀ kò fi ní lè gbé atẹ́gùn káàkiri ara mọ́. Gíráàmù 15 sí 30 fún kílò kan ara ajá ti tó láti ṣe ìpalára. Fún ajá oníkílò 10, àlùbọ́sà ńlá kan péré ni. Sísè kò mú májèlé náà kúrò, bẹ́ẹ̀ ni yíyan, gbígbẹ tàbí ọtí kíkan. Ààyù tilẹ̀ le ju àlùbọ́sà lọ. Ẹni tí ó bá sì ń fún ajá ní díẹ̀ lójoojúmọ́ kò tíì bọ́: díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ó lè tó ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún kí àmì tó yọ. Ajá á rẹ̀, èrìgì rẹ̀ á funfun, á máa mí gúlegúle, ìtọ̀ rẹ̀ á sì pọ́n tàbí kí ó dúdú. Nígbà náà, kò sí ẹni tí ó rántí àsè ọjọ́ Àìkú mọ́. Bí ajá bá kú, aládùúgbò ni wọn yóò fura sí pé ó fún un ní májèlé, ìjà á sì dé láàárín ilé méjì, nígbà tí ó jẹ́ pé inú àwo onílé gan-an ni májèlé ti wá.

Bí ajá bá ti jẹ àlùbọ́sà, kí a má ṣe dúró de àmì kankan. Kí a tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran, kí a sì sọ ohun tí ó jẹ, bí ó ti pọ̀ tó àti ìgbà tí ó jẹ ẹ́. Epo pupa kò lè wo májèlé yìí. Bí a bá fi ipá rọ ọ́ sí i lẹ́nu, ó lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Kí a má sì fún un ní omi iyọ̀ láti fi bì.

Ajá tí ó ń ṣọ́ ilé lóru, tí ó sì ń bá ọdẹ wọ igbó, yẹ ní oúnjẹ tí kò ní pa á. Kò gba owó púpọ̀: kí a bu ìpín tirẹ̀ sọ́tọ̀ kí iyọ̀ àti àlùbọ́sà tó wọ inú ìkòkò.