Ta Ló Máa Bá Yín Kọ́ Ajá Yín ní Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó?

Bóyá inú ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Ìfàkì sí Ọ̀yẹ́ lẹ wà, bóyá orí bẹ́ẹ̀dì lẹ dùbúlẹ̀ sí tí ẹ ń tẹ fóònù, ẹ káàbọ̀ sórí ètò wa. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á dípò kí ẹ gbọ́ ọ, ọ̀rọ̀ tí mo sọ náà la kọ síbí. Mo kàn yọ ibi tí àkùkọ aládùúgbò mi ti ń dá sí ọ̀rọ̀ kúrò ni.

Arábìnrin kan fi ohùn ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp láti Ìkọ̀lé. Akẹ́kọ̀ọ́ FUOYE ni, ní ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìkọ̀lé níbẹ̀. Òun àti àwọn mẹ́ta tí wọ́n jọ ń gbé dá owó jọ, wọ́n ra ọmọ ajá kan nítorí olè. Ajá ti pé oṣù mẹ́jọ báyìí. Ó ń fò mọ́ gbogbo ẹni tó bá wọlé, ó ń sá tẹ̀lé ọ̀kadà, wọ́n á pè é títí kò ní wá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó gé ọmọ onílé jẹ lọ́wọ́. Bàbá onílé ti fún wọn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta: kí ajá gbọ́ràn, tàbí kí ajá kúrò. Ẹnì kan tí wọ́n rí lórí Facebook wá ní kí wọ́n gbé e wá fún òun ní Adó, pé oṣù méjì péré ni, pé tó bá fi máa padà dé, á máa kúnlẹ̀ kí àlejò. Ìbéèrè rẹ̀ nìyí: “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ká gbé e fún un?”

Àbúrò mi, ẹ má tíì gbé e fún ẹnikẹ́ni. Màá sọ ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọ yẹn ni mo kọ́kọ́ béèrè. Ó ní ìyá rẹ̀ fi epo pupa pa á, ó sì ti ń jinná. Ẹ jọ̀ọ́, epo pupa kọ́! Bí ajá bá gé ènìyàn jẹ, omi àti ọṣẹ ni. Ẹ fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15 gbáko, kí ẹ wá gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà, bí ọgbẹ́ náà tiẹ̀ kéré. Ní agbègbè wa, ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó. Bí àmì dìgbòlugi bá ti hàn lára ènìyàn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tó ń yè é. Abẹ́rẹ́ tí a bá tètè gbà ló ń dènà rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní nínú 100 ènìyàn tó kó àrùn yẹn, bí 99 ló kó o lára ajá. Mo ní kí wọ́n gbé ọmọ náà lọ kí wọ́n tó tún bá mi sọ̀rọ̀ ajá. Wọ́n lọ.

Ó yá, ọ̀rọ̀ gbígbé ajá fún oníṣẹ́. Èmi náà ti gbé e fún wọn rí. Tanímọ̀la lorúkọ ajá mi nígbà náà, ajá ìbílẹ̀ lásán, ó pupa, etí rẹ̀ kan dúró, ìkejì wó. Mo gbé e fún ọkùnrin kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mo san gbogbo owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbàkígbà tí mo bá ní mo fẹ́ wá wò ó, á ní kí n má wá, pé tí ajá bá rí mi, á gbàgbé ẹ̀kọ́. Ọjọ́ tó dá a padà, ẹ ò bá wà níbẹ̀! Ó ní “Sit,” ajá jókòó. Ó ní “Stay,” ajá dúró bí ère. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin náà lọ tán, màmá mi ní “Tanímọ̀la, jókòó,” ajá ń wò wọ́n. Èmi náà ní “Sit,” ó yíjú sẹ́yìn, ó ń wá ọ̀gá rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, mo mú ìgbálẹ̀ láti gbálẹ̀, ajá tọ̀ sílẹ̀ níbi tó dúró sí. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ohun tí mo sanwó fún.

Ajá kì í kọ́ ẹ̀kọ́ bí ọmọ iléèwé ṣe ń kọ́ ìṣirò, tó jẹ́ pé ibi yòówù tó bá lọ, méjì àti méjì á ṣì jẹ́ mẹ́rin. Ajá máa ń so ẹ̀kọ́ pọ̀ mọ́ ibi tó ti kọ́ ọ, mọ́ ẹni tó kọ́ ọ, àti mọ́ ohùn ẹni náà. Ìjókòó tó mọ̀ nínú ọgbà ẹnì kan ní Adó, kò tíì mọ̀ ọ́n ní ẹ̀yìnkùlé yín ní Ìkọ̀lé, níbi tí jẹnẹrétọ̀ ti ń pariwo tí ọmọdé ń sáré kiri. Nítorí náà, olùkọ́ ajá tó dáa, ẹ̀yin gan-an ló máa kọ́, ajá á wá kọ́ ọ lọ́dọ̀ yín. Bí ẹ bá jẹ́ mẹ́rin nínú ilé, ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló máa kọ́. Tí bàbá onílé bá gbà, kó kọ́ ọmọ náà pẹ̀lú bí a ṣe ń dúró nítòsí ajá.

Báwo lẹ ṣe máa mọ ẹni bẹ́ẹ̀? Dókítà ẹranko ní ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ìyẹn Veterinary Council of Nigeria. Ní ti ẹni tó ń kọ́ ajá, kódà ní Bírítéènì àti Amẹ́ríkà, òfin ò ní kó gbàwé àṣẹ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè ra ṣéènì, kó ya fọ́tò pẹ̀lú Rottweiler kan, kó máa pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá. Ọwọ́ yín ni àyẹ̀wò wà.

Ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀, kí n tó dé Facebook rárá. Bí ẹ ò bá mọ ọ̀kan, ẹ béèrè ní ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ yín. Àkọ́kọ́, ajá tí nǹkan ń dùn lè máa gé ènìyàn jẹ, kò sì sí ẹ̀kọ́ tó ń wo ìrora sàn. Ìkejì, dókítà ń rí ajá gbogbo ènìyàn. Ó mọ ajá ta ló ń wọlé ní ìrọ̀rùn, ó sì mọ èyí tí ṣéènì ti bó lọ́rùn. Ẹ bi í pé: “Dókítà, tó bá jẹ́ ajá yín ni, ta lẹ máa pè?”

Ọlọ́pàá Nàìjíríà náà ní ẹ̀ka ajá, ẹni tó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì sì mọ ajá dáadáa. Ẹ kàn jẹ́ kó yé e pé ajá tó ń gbọ́ràn lẹ fẹ́, kì í ṣe ajá tó ń mú olè. Ilé tí yàrá mẹ́jọ ti kọjú síra wọn, tí ọmọdé ń jáde tí wọ́n ń wọlé, kì í ṣe ibi tí a ti ń kọ́ ajá ní ìjà.

Àwọn ọdẹ ńkọ́? Àwọn bàbá wa ti ń kọ́ ajá kí Instagram tó dé. Ọmọ ajá á tẹ̀lé àgbà ajá wọgbó, á máa wo ohun tó ń ṣe, á sì mọ fèrè ọ̀gá rẹ̀. Gbogbo wa la mọ òwe yẹn: ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ajá la máa ń dá lẹ́bi nínú rẹ̀. Èmi máa ń fẹ́ bi ọdẹ léèrè pé: nígbà tí ẹ fọn fèrè lánàá tí ajá wá, kí ló bá lọ́wọ́ yín? Tó bá jẹ́ ẹran, á tún wá lónìí. Tó bá jẹ́ pé ẹ nà án nítorí pé ó pẹ́ kó tó dé, ohun tó kọ́ ni pé ibi tí fèrè wà ni ẹgba wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ajá wọn ní Ìkọ̀lé: mo béèrè, wọ́n sì jẹ́wọ́ pé gbogbo ìgbà tí àwọn bá pè é tó wá, àwọn á so ó mọ́lẹ̀. Ta ló máa wá?

Ẹ padà sọ́dọ̀ olùkọ́. Jean Donaldson, obìnrin kan tó ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ ajá ní Amẹ́ríkà láti ọjọ́ pípẹ́, ní ìbéèrè mẹ́ta tí mo fẹ́ràn. Bí ajá mi bá ṣe é dáadáa, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí i gan-an? Bí kò bá ṣe é dáadáa, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí i? Ṣé ọ̀nà mìíràn wà tí kò ní ni ín lára tó èyí? Lẹ́yìn náà kí ẹ panu mọ́, kí ẹ gbọ́ ìdáhùn. Ẹni tó bá ní “màá fún un ní ẹ̀dọ̀ tí mo gé wẹ́wẹ́, tó bá kùnà, kò ní rí i gbà, màá sì mú ẹ̀kọ́ náà rọrùn sí i,” ẹ máa bá a sọ̀rọ̀ lọ. Ẹni tó bá ní “màá jẹ́ kó mọ ọ̀gá rẹ̀,” kò tíì dáhùn o. Ẹ tún un bi. Tó bá dórí ṣéènì tó ń fún ọrùn, tàbí bẹ́líìtì ọrùn tí iná ń gbé ajá, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ máa lọ. Kì í ṣe àánú lásán ni mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2021, AVSAB, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ẹranko tó ń mójú tó ìwà ẹranko ní Amẹ́ríkà, ní ẹ̀kọ́ tó dá lórí ẹ̀bùn ni kí a lò fún gbogbo ajá, títí kan èyí tó ń gé ènìyàn jẹ. Ajá tí ẹ bá fi ìyà mú kó dẹ́kun kíkùn, ó lè má kùn mọ́ kó tó gé ni jẹ.

Ẹ tún ní kó jẹ́ kí ẹ wá wò ó níbi tó ti ń kọ́ ajá ẹlòmíràn. Ajá yẹn ni kí ẹ máa wò, ẹ má wo olùkọ́. Ṣé ìrù rẹ̀ wọ sáàárín ẹsẹ̀? Ṣé etí rẹ̀ lẹ̀ mọ́ orí? Ṣé ó ń lá ètè nígbà tí kò sí oúnjẹ, tó ń yán nígbà tí oorun kò kùn ún? Ẹ̀rù ló ń bà á nìyẹn. Ajá tó ń gbádùn ẹ̀kọ́ máa ń sáré padà wá béèrè òmíràn. Olùkọ́ tó bá ní ẹ ò lè wá wò, ẹ rántí Tanímọ̀la.

Ó yẹ kí òun náà bi yín ní ìbéèrè. Tí kò bá béèrè káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ajá yín kó tó fọwọ́ kàn án, kò béèrè ti àwọn yòókù náà nìyẹn. Ọwọ́ àti bàtà lè gbé pávò láti ilé ajá kan dé òmíràn.

Kí ẹ sì bá a sọ̀rọ̀ èdè. Ó dà bí ọ̀rọ̀ àwàdà, ṣùgbọ́n òun ló dójú ti mi. Ajá kò gbọ́ Òyìnbó. Ìró lásán ni “sit” jẹ́ fún un, bí “jókòó” ṣe jẹ́ ìró. Èyí tí gbogbo ilé lè máa sọ bákan náà ni kí ẹ mú. Tí ẹnì kan bá ń sọ pé “wá,” tí ẹnì kejì ní “come,” tí màmá àgbà ní kó máa bọ̀ n'ulé, ajá á rò pé ohun mẹ́ta lẹ ń wí. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ márùn-ún sínú ìwé, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ilẹ̀kùn.

Ní ti owó, ẹ san án lójú ẹsẹ̀ bó bá ṣe ń wá, ẹ má san ti oṣù méjì lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó ń ti Adó tàbí Àkúrẹ́ bọ̀ máa ka owó ọkọ̀ mọ́ ọn, nítorí náà ẹ wá ẹni méjì mẹ́ta tó ní ajá ládùúgbò, kí ẹ jọ pè é lọ́jọ́ kan náà. Láàárín ọ̀sẹ̀, ẹ máa ṣe é ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, kí ẹ ya fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp kó tún un ṣe. Ìyẹn wúlò ju àwọn fídíò TikTok tí ẹ ń wò lọ.

Bó bá wá di dandan kí ajá sun ibòmíràn, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ láti iwájú àti ẹ̀gbẹ́, ẹ kọ àdéhùn, ẹ sì máa lọ wò ó láìsọ tẹ́lẹ̀. Ìrè tó jẹ́ ìlú Ògún wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yẹ́ níhìn-ín, gbogbo wa la sì mọ ohun tí Ògún ń jẹ. Àwọn tó ń jẹ ẹran ajá ní Èkìtì àti Oǹdó náà kò kéré. Mi ò bú ẹnikẹ́ni o. Mo kàn ní “ó já ṣéènì lóru” kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ẹ máa fẹ́ gbọ́ lẹ́yìn tí ẹ ti sanwó.

Ẹ̀yin tí ajá yín ṣì kéré, ẹ má dúró títí ó fi máa pé oṣù mẹ́jọ. Láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá ni ọmọ ajá ń mọ ohun tí ayé jẹ́. Èyí tí ẹ so mọ́ ẹ̀yìn ilé nígbà náà, tí kò rí ọ̀kadà, ọmọdé, agbòjò tàbí eégún, á máa bá wọn jà tó bá dàgbà. Ẹ gbé e lọ́wọ́ kó máa wò wọ́n, nítorí abẹ́rẹ́ rẹ̀ lè má tíì pé.

Ṣé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó? Fún fífò mọ́ àlejò, ó tó láti rí ìyàtọ̀. Fún sísá tẹ̀lé ọ̀kadà, ó máa pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ajá wà lórí okùn títí di ìgbà náà. Ní ti gígé ènìyàn jẹ, ẹni tó bá fi ẹnu ara rẹ̀ dá yín lójú pé kò ní ṣe é mọ́ láé, irọ́ ló ń pa.

Kí n tó gbé ètò yìí jáde, arábìnrin náà tún fi ohùn ránṣẹ́. Ọmọ náà ti ń gba abẹ́rẹ́ rẹ̀. Dókítà ẹranko wo ajá, ó rí eégbọn nínú etí rẹ̀ òsì, etí náà sì ti wú. Etí yẹn gan-an ni ọmọ onílé fà lọ́jọ́ náà. Wọ́n ti fún un lóògùn, dókítà sì fún wọn ní nọ́ńbà ẹnì kan tó máa wá sílé wọn ní Sátidé, òun àti ajá méjì mìíràn ní àdúgbò. Bàbá onílé ní òun á jókòó síta wò wọ́n.