Hades Kì Í Ṣe Sátánì Àwọn Gíríìkì

Ọ̀kan nínú ẹ̀yin tí mo kọ́ ní ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Òun àti ọmọ rẹ̀ jọ ń wo Hercules, fíìmù tí Disney ṣe ní 1997, ni ọmọ náà bá bi í pé, "Dádì, ṣé Hades yìí ni Sátánì wọn?" Ó ní òun dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ọkàn òun kò balẹ̀. Ó dáa tí kò balẹ̀! Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń pariwo pé Èṣù tiwa kọ́ ni Sátánì. Bí ẹni tí mo kọ́ bá tún wá ṣe irú rẹ̀ sí òrìṣà ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ náà kàn mí.

Nínú Iliad, Poseidon fúnra rẹ̀ ló ròyìn bí òun, Zeus àti Hades, àwọn ọmọ Kronos àti Rhea, ṣe ṣẹ́ kèké pín ayé. Òkun bọ́ sọ́wọ́ Poseidon, ojú ọ̀run bọ́ sọ́wọ́ Zeus, òkùnkùn ìsàlẹ̀ ilẹ̀ sì kan Hades. Ilẹ̀ tí à ń tẹ̀ yìí, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló jọ ni ín. Ẹ kíyè sí i pé kò dìtẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì lé e kúrò lókè. Ìpín tirẹ̀ ló ń jẹ. Kì í tan ènìyàn sínú ẹ̀ṣẹ̀. Àní nínú Odyssey, Minos ló ń dá ẹjọ́ láàárín àwọn òkú, kì í ṣe òun. Ìgbà tó jáde wá gbé Persephone, ìyàwó ló fi ṣe, Zeus tó jẹ́ bàbá ọmọ náà sì ti fọwọ́ sí i. (Demeter, ìyá ọmọ, ni wọn kò bi. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.)

Ṣé wọ́n wá fẹ́ràn rẹ̀ ni? Rárá o. Agamemnon sọ ọ́ nínú Iliad kan náà pé òun ni ọmọ aráyé kórìíra jù nínú àwọn òrìṣà, torí pé kì í gba ẹ̀bẹ̀. Kì í ṣe pé ó burú, ẹ̀bẹ̀ ni kò ràn án. Ajá rẹ̀, Kerberos, náà rí bẹ́ẹ̀: Hesiod ní á máa ju ìrù sí ẹni tó ń wọlé, á sì pa ẹni tó bá fẹ́ jáde jẹ.

Orúkọ rẹ̀ gan-an ló dùn mọ́ mi jù. Nínú Cratylus tí Plato kọ, Socrates ní àwọn ènìyàn gbà pé "aláìrí" ni ìtumọ̀ Hades, ẹ̀rù orúkọ náà sì ń bà wọ́n, ni wọ́n ṣe ń pè é ní Plouton. Ploutos ni ọrọ̀ lédè wọn, torí inú ilẹ̀ ni ọrọ̀ ti ń jáde wá. Wọ́n tún ń pè é ní Polydegmon, ẹni tó ń gba ọ̀pọ̀ lálejò. Ẹni tó bá ti pe ejò ní okùn ilẹ̀ lóru, tàbí tó pe Ṣọ̀pọ̀nná ní Olóde, kò nílò kí n ṣàlàyé fún un.

Gírámà wọn tún wà níbẹ̀. Bí ènìyàn bá kú, wọ́n á ní ó lọ "eis Haidou", ìyẹn "sí ti Hades". Wọ́n gé "ilé" jẹ nínú ọ̀rọ̀ náà. Díẹ̀díẹ̀ ni orúkọ onílé di orúkọ ilé, tó fi jẹ́ pé nígbà tí wọ́n fi èdè Gíríìkì kọ Májẹ̀mú Tuntun, ibi kan ni Hades ń jẹ́. Bíbélì Yorùbá pè é ní ipò òkú, ó sì tọ̀nà, àmọ́ onílé ti pòórá.

Tẹ́ńpìlì rẹ̀ kò wọ́pọ̀. Pausanias, tó rìn káàkiri Gíríìsì ní nǹkan bí 1,850 ọdún sẹ́yìn, ní àwọn ará Elis nìkan ni òun mọ̀ tó ń bọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń ṣí ilé òrìṣà náà, àwòrò nìkan ló sì ń wọ ibẹ̀.

Nítorí náà, ìwọ tó kọ̀wé sí mi, padà lọ bá ọmọ yẹn. Sọ fún un pé Dádì ṣì í sọ, pé onílé ni Hades. Kó máa wo fíìmù rẹ̀ lọ o, orin inú rẹ̀ dùn.