Ajá tí ń sin afọ́jú lọ sí mọ́ṣáláṣí

Bàbá oníṣòwò aṣọ kan bi mí ní ìbéèrè nípa ọmọ rẹ̀ tí ń wa takisí ní Lọ́ńdọ̀nù. Afọ́jú kan fẹ́ wọ ọkọ̀ ọmọ náà pẹ̀lú ajá, ẹ̀rù sì ń bà á pé alùwàlá òun yóò bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ irú ajá tí à ń wí. Kì í ṣe ajá tí ń tú ààtàn kiri o. Ní Jámánì ni wọ́n ti dá ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1916, fún àwọn ọmọ ogun tí ojú wọn fọ́ lójú ìjà. Ó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1931. Ìdílé kan ni yóò kọ́kọ́ tọ́ ọ láti kékeré, kí ọjà, ọkọ̀ àti ariwo ènìyàn má bàa já a láyà. Lẹ́yìn náà ni olùkọ́ yóò gbà á, tí yóò kọ́ ọ láti dúró létí títì, kí ó sì máa yẹ kòtò àti òpó fún ẹni tí ó dì í mú. Bí ọ̀gá rẹ̀ bá ní kí ó máa lọ, tí ọkọ̀ sì ń bọ̀, kò ní lọ! Èyí yà mí lẹ́nu púpọ̀. Afọ́jú ni ó mọ ibi tí wọ́n ń lọ, ajá ni ó ń ríran.

Ní ti ẹ̀sìn, Súrà Máídà fi àyè gba ẹran tí ajá tí a kọ́ bá pa fún wa. Lọ́nà Imam Maliki tí púpọ̀ nínú wa ń tọ̀, ara ajá kì í ṣe ẹ̀gbin; àwo omi tí ó bá tẹnu bọ̀ ni à ń fọ̀ lẹ́ẹ̀méje. Ti Imam Ṣáfíì le jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú àwọn Imam mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ó ní ìfarakan ajá ń ba alùwàlá jẹ́.

Afọ́jú kan sọ fún Ànábì, kí ìkẹ́ Ọlọ́run máa bá a, pé òun kò ní ẹni tí yóò máa fa òun wá sí mọ́ṣáláṣí. Ànábì bi í bóyá ó ń gbọ́ ìpè ìrun. Ó ní òun ń gbọ́ ọ. Ànábì ní kí ó máa jẹ́ ìpè náà. Ta ni yóò wá máa fà á, nígbà tí àwa tí a ríran bá ti wà ní ṣọ́ọ̀bù?

Ní Leicester, ní 2008, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan tí ó fọ́jú bèèrè ọ̀rọ̀ yìí. Ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ òfin Ìsìláàmù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà fún un pé kí ajá rẹ̀ sìn ín dé mọ́ṣáláṣí, kí ó dúró níbi tí wọ́n ṣe fún un lẹ́nu ọ̀nà. Ajá kò wọ ibi ìkírun.

Mo ní kí bàbá náà sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kí ó gbé wọn. Òfin ọdún 2010 níbẹ̀ kò jẹ́ kí awakọ̀ takisí kọ irú ajá bẹ́ẹ̀, tàbí kí ó gba owó lé e, àfi ẹni tí ó ní ìwé nítorí àìsàn. Kí ó tẹ́ aṣọ sílẹ̀ ọkọ̀, ibi ẹsẹ̀ ọ̀gá rẹ̀ ni ajá náà yóò dùbúlẹ̀ sí. Bí itọ́ rẹ̀ bá kán sí i láṣọ, omi wà.