Ogun Parí, Jagunjagun Kò Relé

Ní ọdún 1975, ìyá kan tó ń jẹ́ Polly Murray gbé ẹjọ́ kan lọ sí ilé-iṣẹ́ ìlera ìpínlẹ̀ Connecticut, ní Amẹ́ríkà. Ní ìlú Lyme tó ń gbé àti ní àyíká rẹ̀, orúnkún àwọn ọmọdé ń wú, wọ́n sì ń tiro. Làkúrègbé ọmọdé ni àwọn dókítà pè é, àìsàn tí kì í ràn. Ṣùgbọ́n obìnrin yìí ti ń kọ ohun tó ń ṣe ìdílé rẹ̀ àti àwọn aládùúgbò sílẹ̀, ó sì rí i pé wọ́n ti pọ̀ jù.

Dókítà Allen Steere ti Yunifásítì Yale wádìí ọ̀rọ̀ náà. Ènìyàn 51 ló rí ní ìlú mẹ́ta. 39 nínú wọn jẹ́ ọmọdé. Ní 1981, Willy Burgdorfer rí ọ̀daràn náà nínú ikùn eégbọn: bakitéríà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó lọ́ bí okùn.

Oògùn apakòkòrò ń pa á. Síbẹ̀, orúnkún àwọn aláìsàn díẹ̀ kò yéé wú fún ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn tí wọ́n ti lo oògùn tán. Ta ló wá ń bá wọn jà? Ara wọn ni. Ìwádìí kan tí Steere bá wọn kópa nínú rẹ̀, tó jáde ní 2019, fi hàn pé àfọ́kù awọ bakitéríà náà ṣì kù nínú omi oríkèé. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń dáàbò bo ara kò tilẹ̀ sá ní tiwọn, ńṣe ni wọ́n ń jà lọ, oríkèé ló sì ń jìyà rẹ̀. Nígbà náà, oògùn tó ń pẹ̀tù sí ìjà ara ni dókítà lè fún aláìsàn, dípò àfikún apakòkòrò.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí Lyme. Salmonella àti Shigella tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, àti Chlamydia tó ń ti ara ìbálòpọ̀ ràn, lè mú kí orúnkún tàbí ọrùn ẹsẹ̀ wú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹlòmíràn á ní ayé ló ń ṣe òun. Ẹlòmíràn á sáré ra apakòkòrò fúnra rẹ̀. Bí oríkèé yín bá wú lójijì, ẹ tètè rí dókítà, kí ẹ sì sọ gbogbo àìsàn tó ṣe yín láàárín oṣù kan sẹ́yìn fún un, títí kan èyí tó ti lọ àti èyí tó ń tini lójú.