Ẹ Jẹ́ Kí Ọkọ Náà Lọ Ṣe Àyẹ̀wò

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe èyí tí a ń sọ ní gbangba, ṣùgbọ́n kò sí oṣù kan tí n kì í gbọ́ ọ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Tọkọtaya á wá, wọ́n á ní kí n bá àwọn tọrọ ọmọ. Bí mo bá béèrè ẹni tí ó ti lọ ṣe àyẹ̀wò nínú wọn, ìyàwó ni yóò dáhùn. Ọkọ á máa wo ilẹ̀, tàbí kí ó ní ara òun le. Lójú tirẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí òun ti lè ṣe ojúṣe òun lórí ibùsùn, ẹjọ́ kò kan òun mọ́.

Ọ̀tọ̀ ni agbára ọkùnrin, ọ̀tọ̀ ni irú ọmọ. Àtọ̀ lè jáde dáadáa, kí ó má sì sí ẹyọ kan nínú rẹ̀ lára àwọn ohun kékeré tí ń lúwẹ̀ẹ́ lọ bá ẹyin obìnrin. Nígbà mìíràn, ọ̀nà ni ó dí; nígbà mìíràn, kóró ẹpọ̀n ni kò ṣe wọ́n tó.

Ní 1942, dókítà kan ní Boston, Amẹ́ríkà, tí ń jẹ́ Harry Klinefelter, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kọ̀wé nípa ọkùnrin 9 tí kóró ẹpọ̀n wọn kéré, tí ọmú wọn yọ, tí àtọ̀ wọn kò sì ní irú ọmọ. 1959 ni Patricia Jacobs àti John Strong rí ìdí rẹ̀ ní Edinburgh. Àwọn okùn tín-ín-rín kan wà nínú ara wa tí àbùdá wa wà lórí wọn. Krómósóòmù ni àwọn onímọ̀ ń pè wọ́n. 46 ni a máa ń ní. Obìnrin ní X méjì, ọkùnrin ní X kan àti Y kan. Irú ọkùnrin yìí ní X méjì pẹ̀lú Y kan, iye rẹ̀ wá di 47. Kò sí ọwọ́ ayé níbẹ̀. Láti inú oyún ni ó ti rí bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin pátápátá sì ni, kí ẹnikẹ́ni má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Nínú ọkùnrin 600, ó tó ẹnì kan tí ó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo bí a ti ń pọ̀ tó ní yídì lọ́jọ́ Iléyá, kí ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín. Púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀ títí wọn ó fi kú.

Mo mọ oníṣòwò aṣọ kan tí ó kọ ìyàwó rẹ̀ nítorí àìrọ́mọbí. Obìnrin náà bí ìbejì ní ilé ọkọ mìíràn. Ìyàwó kejì ti lo ọdún mẹ́ta nílé kí ọkùnrin náà tó gbà láti lọ ṣe àyẹ̀wò.

Láyé àtijọ́, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìbá parí sí. Ṣùgbọ́n ní 1992, àwọn dókítà ní Brussels kéde pé àwọn fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín ti ẹyọ irú ọmọ kan ṣoṣo sínú ẹyin obìnrin, a sì bí ọmọ. Bí ẹyọ kan bá ti tó, ó yẹ kí á lọ wá a dé ìdí kóró ẹpọ̀n. Ní 1998, ìròyìn jáde láti New York pé àwọn oní-47 ti di bàbá lọ́nà yìí. Ní 1999, Peter Schlegel níbẹ̀ kan náà ṣàlàyé bí a ṣe ń fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá ṣe é. Wọ́n á fún ọkùnrin náà lóògùn kí ó sùn, wọ́n á la kóró ẹpọ̀n. Inú rẹ̀ kún fún ìfun tín-ín-rín bí òwú. Èyí tí ó sanra tí ó sì funfun ju ìyókù lọ ni wọ́n á mú díẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹlòmíràn á wá jókòó tì í, á máa wá irú ọmọ bí ẹni tí ń wá ìlẹ̀kẹ̀ tó já sínú àpò gàrì. Lọ́wọ́ àwọn tó mọṣẹ́, nínú ọkùnrin oní-47 mẹ́wàá, a máa ń rí i lára bí mẹ́rin tàbí márùn-ún. Rírí i kò wí pé oyún yóò dúró dandan. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ tí a bí bẹ́ẹ̀ ni krómósóòmù wọn pé 46.

Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ ṣọ́ra fún abẹ́rẹ́ testosterone. Dókítà máa ń fún àwọn oní-47 nítorí egungun àti okun ara, ó sì dára fún wọn. Ṣùgbọ́n kì í mú irú ọmọ wá. Ńṣe ni ó ń dá ìwọ̀nba tí kóró ẹpọ̀n ń ṣe dúró. Ẹni tí ó ṣì ń wá ọmọ gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà kí ó tó gba àkọ́kọ́. Èyí tí wọ́n ń tà kiri fún agbára, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Àwọn kan ń bi mí bóyá hàráámù ni. Ní 1980, Sheikh Gad al-Haq, tí ó jẹ́ Mùfútí Íjíbítì nígbà náà, fọwọ́ sí i, àwọn onímọ̀ tó péjọ ní Amman ní 1986 náà sì gbà á: irú ọmọ ọkọ, ẹyin ìyàwó rẹ̀, inú ìyàwó náà, nígbà tí yìgì ṣì wà láàárín wọn. Ẹni kẹta kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Nítorí náà, bí wọn kò bá rí nǹkan kan lára ọkọ, a kò lè lọ gba ti ọkùnrin mìíràn. Títọ́ ọmọ òrukàn kò léèwọ̀, bí a kò bá ti já orúkọ bàbá rẹ̀ gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ẹ tó ta ọjà tàbí ilẹ̀, ẹ kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò àtọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún krómósóòmù. Ẹ má sì fi falẹ̀, nítorí ẹyin obìnrin ń dín kù bí ọjọ́ orí ti ń gòkè. Bí ẹ bá wá dé iwájú dókítà, ẹ bi í ní ẹ̀ẹ̀melòó ni ó ti ṣe iṣẹ́ yìí fún oní-47, àti bí wọn ó ṣe kọ orúkọ ọkọ sára ohun tí wọ́n bá rí kí ó má baà pàpọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn.