Ṣé O Mọ̀? Oògùn Ẹ̀jẹ̀ Ríru Kan Ti Ara Oró Ejò Wá!

Ìwọ tó ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ní Ṣómólú àti Bárígà, sún mọ́ ibí. Gbọ́ èyí!

Ṣé o mọ̀ pé inú oró ejò ni wọ́n ti rí ọgbọ́n captopril? Jararaca lorúkọ ejò náà. Bùràsíìlì ló ń gbé. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn yìí ní 1981.

Lisinopril, àbúrò rẹ̀, máa ń mú àwọn kan wú ikọ́ gbígbẹ. Ó tó nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá! Wọ́n á tún lọ ra oògùn ikọ́.

Ó tún lè mú ètè àti ahọ́n wú. Àwa aláwọ̀ dúdú ló máa ń bá jù. Tó bá ṣẹlẹ̀, ọsibítù ni o, kíákíá!

Losartan ńkọ́? Iṣẹ́ òun àti lisinopril jọra, ikọ́ rẹ̀ ló ṣọ̀wọ́n.

Aláboyún ò gbọdọ̀ fẹnu kan ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Methyldopa ni dókítà sábà máa ń fún un.

Amlodipine máa ń mú ẹsẹ̀ wú. Àmọ́ tí dókítà bá fi losartan kún un, wíwú náà lè lọ sílẹ̀. Oògùn di méjì, wàhálà dín kù!

Gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ inú igbó wa ńkọ́? Reserpine wà nínú rẹ̀! Ó ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, ó tún ń dí imú.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n ṣe minoxidil fún. Irun bẹ̀rẹ̀ sí í hù lára àwọn tó ń lò ó. Ni wọ́n bá ń tà á fún apárí!

Ní 2003, wọ́n kó ìwádìí 354 jọ ní London. Oògùn tí wọ́n dín sí ìdajì ṣì ń ṣe nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún iṣẹ́ rẹ̀! Má fọwọ́ ara rẹ gé tìrẹ o.

Ní 2019, èsì ìwádìí kan jáde: ènìyàn 728 ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà mẹ́fà, Nàìjíríà wà níbẹ̀, dán oríṣi mẹ́ta àdàlù oògùn wò. Méjì tí amlodipine wà nínú wọn ló borí.

Èyí tó ga jù rèé: ní 2024, èsì ìwádìí lórí ènìyàn 300 jáde láti Àbújá. Oògùn mẹ́ta, díẹ̀díẹ̀, nínú hóró kan ṣoṣo! Ó mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ ju ìtọ́jú tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí irú hóró náà ní oṣù kẹfà 2025.

Tí oògùn tìrẹ bá ń dà ọ́ láàmú, má jù ú nù. Bi dókítà: "Èwo la tún lè fi rọ́pò rẹ̀?"